Irun Kúkúrú Tó Ká: Ẹ Jẹ́ Kí Omi Ṣáájú Òróró

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn onídìrí, àwọn ọmọṣẹ́ wọn, àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí wọ́n péjọ ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin

Àsàlámù aléékúmù. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín kí ẹ tó lè dé ibí. Mo kí ẹ̀yin onígbàjámọ̀ tí ẹ jókòó sẹ́yìn, torí irun obìnrin ti bọ́ sábẹ́ kílípà yín báyìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun kan ni mo gbé wá. Irun tí à ń pè ní irun líle, tí à ń fi òòyà já títí omijé fi ń bọ́ lójú ọmọ, irun tí omi gbẹ nínú rẹ̀ ni. Láti kékeré la ti ń fi òróró kùn ún, a kò fún un lómi. Ẹni tó bá gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì jẹ́ kó máa hù bó ṣe ká wá sáyé, ti rí ọ̀nà tó rọrùn jù láti ṣàtúnṣe, torí irun kúkúrú kì í pẹ́ mu omi, kì í sì í pẹ́ gbẹ.

Mo mọ̀ pé inú àwọn ìyá kan kò dùn sí irun gígẹ̀. Ọmọ wọlé sí yunifásítì pẹ̀lú irun tó kún orí, ó wálé fún Iléyá, irun ti di bíńtín. Màmá àgbà wò ó títí, ó ní, "Ta ló kú?" Wọn kò ṣàṣejù. Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, opó ni wọ́n ń fá lórí. Obìnrin tí nǹkan ń dùn fún, orí dídì la fi ń mọ̀ ọ́n: ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀, pánúmọ́. Láàfin Ọ̀yọ́, wọ́n ń fá apá kan orí ìlàrí, kí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà lè mọ̀ pé ọba ló rán an. Yorùbá kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irun rí. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí màmá bá béèrè, ẹ má bínú. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ṣàlàyé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan orí náà nígbà tó bá tutù, tó rọ̀, tó ń dán. Màmá tó bá ti fọwọ́ kàn án báyẹn, ojú rẹ̀ sábà máa ń rọ̀.

Ìdí tí àwọn ọmọbìnrin fi ń gẹ irun pọ̀. Ti àwọn kan, rìlásà tí wọ́n fi ń na irun ló ti jẹ irun náà débi tí kò ṣe é dì mọ́. Àwọn kan bímọ, nígbà tó di bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ, irun bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ayé o, ẹ̀yin abiyamọ. Irun tí oyún dá dúró lórí ló ń já, ó sì sábà máa ń kún padà kí ọmọ tó pé ọdún kan tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Àwọn mìíràn, irun iwájú orí wọn ló ti sá sẹ́yìn nítorí irun dídì tó le koko. Àwọn tó kù kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, ìyẹn náà sì tó ìdí.

Ẹ jẹ́ ká wo irun fúnra rẹ̀. Inú àwọn ihò kéékèèké tó wà nínú awọ orí ni irun ti ń hù. Bí ihò náà bá tọ́, irun á jáde ní nínà. Bí ihò náà bá tẹ̀, irun á jáde ní kíká. Ti àwa tẹ̀ púpọ̀, fọ́nrán rẹ̀ kò sì rí róbótó, ó tẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Awọ orí ń sun ọ̀rá tirẹ̀. Lórí ẹni tí irun rẹ̀ nà, ọ̀rá yẹn á rìn láti ìdí dé ṣóńṣó láìsí wàhálà. Lórí tiwa, gbogbo ibi tí irun bá ti ṣẹ́rí ni ọ̀rá ti ń dúró. Ìdí irun á máa dán, ṣóńṣó rẹ̀ á gbẹ. Ibi tó ti ṣẹ́rí náà ló ti ń kán bí a bá fi agbára fà á. Ohun tó mú ká máa sọ pé irun wa kì í gùn nìyẹn. Irun orí ènìyàn ń hù tó bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, ti àwa aláwọ̀ dúdú a máa dín díẹ̀ sí i. Ó ń hù nídìí, ó ń kán lókè, ó wá dà bíi pé ojú kan ló wà.

Irun tó bá ti jáde kúrò nínú awọ, òkú ni. Kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní iṣan. Òróró tí wọ́n ń tà fún yín pé ó ń bọ́ irun, kò bọ́ ohunkóhun. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ ló ń bọ́ irun, láti inú ẹ̀jẹ̀, nígbà tó ṣì wà lábẹ́ awọ. Ohun tí à ń fi pa á lókè wà láti dáàbò bo èyí tó ti hù. Bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, owó púpọ̀ yóò ṣẹ́kù sí yín lápò.

Ara fọ́nrán irun kan ní èèpo tín-ín-rín tó to léra wọn bí ìpẹ́ ẹja. Bí ìpẹ́ náà bá sùn pẹlẹbẹ, irun á máa dán, omi inú rẹ̀ kò ní tètè sá. Bí wọ́n bá dìde, fọ́nrán á máa há mọ́ ara wọn, á máa so kókó, omi á sì fò lọ. Ohun tó ń mú un dìde ni iná gbígbóná, òòyà lórí irun gbígbẹ, àti ọṣẹ tí eérú rẹ̀ bá le.

Ọ̀rọ̀ eérú yẹn kan ọṣẹ dúdú. Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú u. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, eérú èèpo kòkó tàbí ti ohun mìíràn, pẹ̀lú àdín. Agbára eérú yẹn ń ṣí ìpẹ́ irun sílẹ̀. Ẹ má mú un bẹ́ẹ̀ ha orí. Ẹ bu díẹ̀, ẹ pò ó mọ́ omi títí yóò fi ṣàn, kí ẹ fi fọ awọ orí, kí ẹ sì rí i pé kọndíṣọ́nà, ìpara tó ń mú irun rọ̀ lẹ́yìn fífọ̀, tẹ̀lé e lẹ́yìn, torí kọndíṣọ́nà ló ń mú kí ìpẹ́ náà sùn padà. Àwọn kan ń da omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí dípò kọndíṣọ́nà. N kò fara mọ́ ọn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá ṣẹ́kù sára, tí oòrùn sì pa á, lè jó awọ débi tí yóò fi wú, tí yóò sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Oòrùn Ìlọrin kì í sì í ṣe oòrùn eré.

Rìlásà ti kọjá èyí. Ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kọ́sítíìkì sódà tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò. Kì í ṣe ìpẹ́ nìkan ló ń ṣí, ó ń já okùn tó wà nínú irun, èyí tó jẹ́ kó ká. Èyí tó bá ti já kò tún ní so padà. Kò sí kíríìmù kankan tó lè mú irun tí rìlásà ti kàn padà sí kíká. Èyí tó bá hù jáde lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń ká. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ ẹni tó bá fẹ́ padà sí irun àbínibí pé kó gẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó má fi irun méjì sórí kan. Ibi tí nínà ti pàdé kíká ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń kán.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí jẹ́ríkọ́ọ̀lù tó gbòde láàárín ọdún 1970 sí 1990. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jheri Redding ló gbé e jáde. Oògùn kan á kọ́kọ́ na irun, wọ́n á wá fi ọ̀pá wé e kó lè ká sí ńlá. Ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ máa fín omi àti gílísẹ́rínì sí i láràárọ̀ àti lálaalẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irun náà á gbẹ, á gé. Mo mú un wá síbí nítorí fífín omi yẹn. Àwọn tó ṣe jẹ́ríkọ́ọ̀lù mọ̀ pé irun tó ká kò lè wà láìsí omi, wọ́n sì ń fún un. Irun tí Ọlọ́run ká fún wa láìgba oògùn, àwa kì í fún un ní ẹ̀kán kan.

Báwo la ṣe ń fún un? Fífọ̀ ni àkọ́kọ́. Ẹ fọ irun kúkúrú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń làágùn púpọ̀ lè fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Awọ orí ni kí ọṣẹ tàbí ṣámúpù kàn, kí ẹ fi ọmọ ìka fọ̀ ọ́, kì í ṣe èékánná. Ìfófòó tó bá ṣàn gba orí irun kọjá ti tó o. Lẹ́yìn náà ni kọndíṣọ́nà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó fi ìka tàbí òòyà eléyín gbooro yà á, láti ṣóńṣó wá sí ìdí. Ìgbà tí kọndíṣọ́nà bá wà lórí nìkan ni kí òòyà kan irun tó ká. Bí ẹ bá ti ṣàn án tán, ẹ gbé òòyà pamọ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ wo omi tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Kànga àti bọhólù ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé nílùú yìí, àwọn kan nínú omi ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì le: ọṣẹ kì í hó nínú wọn, wọ́n sì máa ń fi funfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tùrù. Funfun tó ń lẹ̀ mọ́ kẹ́tùrù yẹn náà ló ń lẹ̀ mọ́ irun, tí irun á fi máa ṣe gánrangànran lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tán. Lásìkò òjò, ẹ gbé garawa sí ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù ná, kí ẹ da ti àkọ́kọ́ nù. Omi òjò rọ̀ ju gbogbo omi lọ fún irun.

Nígbà tí irun bá ṣì tutù, tí kò ro omi mọ́, ìgbà náà ni òróró kàn. Òróró kì í di omi láéláé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá omi tó ti wà níbẹ̀ dúró. Ẹni tó bá fi òróró pa irun gbígbẹ, kò sí omi tí òróró náà fẹ́ dá dúró. Ní ti èyí tó yẹ ká lò, a kò níṣòro ní Kwara. Igi òrí pọ̀ ní ìhà Bàrùténì àti Kàyámà, òrí tòótọ́ kò sì jìnnà sí wa. Èyí tó ní òórùn tirẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ funfun tó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, sàn ju èyí tí wọ́n ti fi lọ́fínńdà pò lọ. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà méjì ti tó gbogbo orí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ, ẹ fi tẹ irun láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má fi kun awọ orí nípọn, torí ọ̀rá tó bá jókòó sórí awọ máa ń mú kí èépá funfun tó ń já lórí pọ̀ sí i.

Láràárọ̀, ẹ má yà á. Ẹ fín omi sí i títí tí ẹ ó fi rí i pé ó ti ká padà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Lásìkò òjò, ẹ lè kán gílísẹ́rínì díẹ̀ sínú ike omi náà. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là, ẹ dín gílísẹ́rínì kù, ẹ fi kún òrí.

Ẹ sún mọ́ ibí kí ẹ wo orí àbúrò wa yìí. Bí mo bá na irun rẹ̀, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹ rí i, ó súnkì, kò tó ìdajì mọ́. Súnkì yẹn kì í ṣe àìsàn, irun tí ara rẹ̀ le ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọlé, mo sì fi síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbó tẹ omi kúrò. N kò fi táwẹ̀lì ra á, torí òwú táwẹ̀lì ń fa fọ́nrán kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fín omi sí ìpàkó. Mo bu jẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ra jẹ́ẹ̀lì lè ge ilá tútù, kó sè é nínú omi díẹ̀, kó fi aṣọ sẹ́ ẹ, kó sì lo yíyọ̀ rẹ̀; kó máa wà nínú fíríìjì, kó má sì pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan torí ó ń kan. Mo mú irun tó nípọn tó pẹ́ńsùlù. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là na jẹ́ẹ̀lì náà láti ìdí dé ṣóńṣó. Mo wé e mọ́ ìka ìfábẹ̀là. Ẹ wò ó dáadáa: bí mo bá wé e sí ọ̀tún, ó ń tú. Bí mo bá wé e sí òsì, ó dúró. Irun yìí ti ní apá tó ń ká sí, èmi kàn ń tẹ̀lé e ni. Mo yọ ìka mi jáde láì fà á. Mi ò tún ní fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ.

Àwọn ọmọṣẹ́, ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni ọwọ́ tí kò lè gbélé. Irun tí a bá ń fọwọ́ kàn nígbà tó ṣì ń gbẹ, títú ni yóò tú, kò ní ká mọ́. Bó bá gbẹ tán tí jẹ́ẹ̀lì mú kó gan, ẹ kán òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Gígan á lọ, kíká á dúró.

Irun tó bá kúrú ju èyí lọ kò ṣe é wé mọ́ ìka. Fóòmù oníhò ni ẹ ó fi yí i, lójú kan náà, sí apá kan náà, láì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí jù. Irun gbọ́dọ̀ tutù. Mo ti rí orí tí fóòmù fá nítorí pé wọ́n fi yí irun gbígbẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí irun náà nà díẹ̀ fún òde kan, ẹ má sáré lọ sídìí iná. Irun òwú àwọn ìyá wa wà níbẹ̀. Irun tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 5 ti ṣe é fi òwú dì. Ẹ dì í lálẹ́ nígbà tó bá tutù díẹ̀, ẹ tú u láàárọ̀. Ó nà án, iná kò kàn án, kò sì já okùn kankan nínú rẹ̀. N kò tíì rí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lówó gọbọi tó ṣe èyí dáadáa ju òwú lọ, ó sì ń dùn mí pé àwọn ọmọṣẹ́ wa tó mọ̀ ọ́n dì ń dín kù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ híjáàbù, torí Ìlọrin la wà, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ló sì ń lò ó. Híjáàbù kì í ba irun jẹ́. Fìlà tí à ń dé sábẹ́ rẹ̀ ló ń bà á jẹ́, èyí tí rọ́bà rẹ̀ ń fún iwájú orí àti ìpàkó láti àárọ̀ títí di àsìkò ìṣáì. Ẹ yọ fìlà yín wò lálẹ́ òní. Bí ìlà bá wà níwájú orí yín, ó le jù. Ibi tí ìlà yẹn wà gan-an ni irun kéékèèké ti ń tán. Ẹ tú rọ́bà náà, kí ẹ ní kí télọ̀ fi sátíìnì bo inú fìlà. Aṣọ òwú máa ń fa omi kúrò lára irun, ó sì máa ń há a. Sátíìnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan kejì ni pé ẹ kì í jẹ́ kí irun gbẹ kí ẹ tó bò ó. Ẹ ó fọ orí ní agogo 7, ẹ ó dé fìlà, ẹ ó fi híjáàbù lé e, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ síbi iṣẹ́. Ibi tó lọ́rinrin tó sì móoru ni kòkòrò tó ń fa ìyún orí àti òórùn fẹ́ràn jù. Ẹ fọ orí ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ kò ní jáde, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ẹ fọ fìlà náà bí ẹ ṣe ń fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ní ti jẹ́ẹ̀lì àti àlùwàlá, èmi kì í ṣe àlùfáà. Ẹ bi àlùfáà yín bóyá èyí tí ẹ ń lò nípọn débi tí omi kò fi ní kan irun, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀yin onígbàjámọ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ béèrè kí ẹ tó gẹ̀. Obìnrin tó sọ pé òun fẹ́ irun gígẹ̀, tí ẹ sì fi nọ́ńbà 1 sí i, mìlímítà 3 ni ẹ fi sílẹ̀ fún un. Kíká kò lè hàn níbẹ̀. Nọ́ńbà 4 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 13, níbẹ̀ ni kíká ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lórí ẹni tí irun rẹ̀ ká wínníwínní. Ẹni tí tirẹ̀ ká gbàgà yóò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, sísọ́ọ̀sì sì dára fún un ju kílípà lọ. Ẹ gẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá gbẹ, tó wà ní ìrísí tirẹ̀. Irun tó tutù máa ń gùn sílẹ̀, ẹ ó rò pé kò tíì kúrú, bó bá gbẹ ẹ ó rí i pé ẹ ti kọjá ibi tó yẹ. Fún ọmọdé, ẹ bi òbí bóyá ó fẹ́ kí ẹ fá ẹ̀gbẹ́ orí kí ẹ sì dá àárín sí, torí Ànábì kọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí pé kí wọ́n fá apá kan orí kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀, àwọn òbí mìíràn sì mú un ní pàtàkì.

Ìpàkó ńkọ́? Ẹ yé é fi abẹ fá ìpàkó kan awọ. Irun tó ká, tí a bá fá a jinlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ lè ṣẹ́rí padà wọnú awọ. Níbẹ̀ ni àwọn kókó kéékèèké ti ń bẹ̀rẹ̀, bí a bá sì ń bá a lọ láti fá a, wọ́n á di ògìdìgbó kókó líle tí irun kì í hù lórí rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin ló ń ṣe jù, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń gẹ irun ti ń ní in báyìí. Ẹni tí ẹ bá ti rí méjì tàbí mẹ́ta ní ìpàkó rẹ̀, ẹ fi irun díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì ní kó lọ rí oníṣègùn awọ kó tó tàn.

Ọ̀rọ̀ abẹ kílípà ò ṣe é fojú fò. Kòkòrò tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀ wíwú irú B lè wà láàyè lójú abẹ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, kódà bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti gbẹ tí ojú kò rí i mọ́. Kì í ṣe pé kí ẹ kàn fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Láàárín oníbàárà kan sí èkejì, ẹ gbọn irun kúrò, ẹ fi sípíríìtì nu abẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn, sípíríìtì nìkan kò tó: ẹ yọ abẹ, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú Jik tí ẹ fi omi là, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ kán epo sí i. Oníbàárà tó bá lágbára, kó ra kílípà tirẹ̀, kó máa gbé e wá. Kí onígbàjámọ̀ má ka ìyẹn sí ìwọ̀sí.

Nígbà tí àyè ìbéèrè ṣí, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan bi mí léèrè ìgbà tí irun rẹ̀ yóò dé èjìká. Mo ní kó ṣe ìṣirò rẹ̀: bí irun bá ń hù tó sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù tàbí kó dín díẹ̀, tí èjìká sì jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí àárín orí, ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni, bí kò bá kán. Mo tún sọ fún un pé kó má fi gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn dúró de irun tí kò tíì dé. Èyí tó wà lórí rẹ̀ lónìí pé, ó sì yẹ ẹ́.

Àlàájà kan béèrè nípa irun iwájú orí tó ti sá sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ìdí irun ṣì wà níbẹ̀, tí a ń rí irun kéékèèké, kí wọ́n dáwọ́ irun dídì tó le koko dúró pátápátá, kí wọ́n tú rọ́bà fìlà. Ó lè hù padà láàárín oṣù díẹ̀. Bí awọ ibẹ̀ bá ti ń dán, tí kò sí ihò kankan mọ́, irun kò ní hù níbẹ̀ mọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó wọn lórí rẹ̀. Ó jọra pẹ̀lú àárín orí: bí ibẹ̀ bá ń ta, tó ń yún, tí irun sì ń fẹ́lẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ onídìrí mọ́. Kí wọ́n lọ rí oníṣègùn awọ kíákíá, irú àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Òkè-Ọ̀sẹ̀, torí èyí tó bá ti lọ kò ní padà, èyí tó kù ni wọ́n á gbà là.

Ìyá kan tó ní ọmọ mẹ́rin ló béèrè kẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ní làpálàpá lórí, ó ti fi oríṣiríṣi ìpara pa á, kò lọ. Mo sọ fún un pé kò lè lọ báyẹn. Làpálàpá orí ń wọnú ihò irun lọ, ìpara kì í dé ibẹ̀. Oògùn mímu tí dókítà bá kọ ló ń pa á, wọ́n sì máa ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kódà lẹ́yìn tí orí bá ti dà bíi pé ó ti mọ́. Kí wọ́n wo orí àwọn mẹ́ta yòókù pẹ̀lú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òòyà, fìlà àti ìrọ̀rí tirẹ̀ títí dókítà yóò fi sọ pé ó ti tán, kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àwọn èyí tó wà nílẹ̀, kí wọ́n má sì mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ láì kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe é fún un.